Arewa House: Ilé Sàdáúnà ní Kàdúná

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin olùwòran wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Tudun Wada àti Kakuri, mo mọ̀ pé ẹ ti gba iwájú Arewa House kọjá láìmọye ìgbà. Ibi ìpàdé àwọn olóṣèlú lásán lẹ pè é, àbí? Inú ọgbà yẹn ni Sàdáúnà Sókótó, Ahmadu Bello, gbé nígbà tó jẹ́ Pírẹ́míà, ìyẹn olórí ìjọba, Àríwá. Rabah Road ni títì náà ń jẹ́. Ìlú Rabah sì ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1910.

Ẹ má sọ pé kò kàn wá. Ìlọrin, Ọ̀fà, Kàbà, abẹ́ Àríwá ni gbogbo wọn wà nígbà náà. Lọ́jọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 1966, tí wẹ́tíẹ̀, rògbòdìyàn òṣèlú ìgbà náà, ń jó Ìwọ̀-Oòrùn lọ́wọ́, Akíntọ́lá, Pírẹ́míà Ìwọ̀-Oòrùn, wọ bàálù wá bá Sàdáúnà ní Kàdúná, ó sì padà sí Ìbàdàn. Kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àwọn sójà ti pa àwọn méjèèjì, oníkálukú nílé rẹ̀.

Májọ̀ Nzeogwu, tó ṣáájú àwọn sójà tó dìtẹ̀ gbàjọba ní Kàdúná, ti ń kó àwọn sójà jáde lóru ṣáájú ọjọ́ náà, ó ní ìdánrawò ni. Ìró ẹsẹ̀ sójà lóru kò wá ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Àfìgbà tí wọ́n yin ìbọn ńlá lu ilé yìí! Sàdáúnà kú, Hafsatu ìyàwó rẹ̀ kú. Nínú Kàdúná kan náà, lóru kan náà, wọ́n pa Brigadier Adémúlẹ́gùn, ọmọ Oǹdó, tòun tìyàwó rẹ̀.

Lọ́dún 1967, wọ́n pín Àríwá sí ìpínlẹ̀ 6. Ta ló wá ni ilé? Wọn ò tà á. Lọ́dún 1970, wọ́n sọ ọ́ di ibi tí wọ́n á ti máa kọ ìtàn Àríwá. Abdullahi Smith, òyìnbó tó gba Ìsìláàmù, tó ti ṣe olùkọ́ ìtàn ní Yunifásítì Ìbàdàn, ni olùdarí àkọ́kọ́. Lọ́dún 1975, ó bọ́ sọ́wọ́ Yunifásítì Ahmadu Bello, Zaria.

Àwọn ẹrù Sàdáúnà tí wọ́n pàtẹ síbẹ̀ ni àlejò máa ń sáré lọ wò. Èmi ò bá wọn jà, fọ́tò dùn ún yà. Ṣùgbọ́n yàrá ìwé ni kẹ́ ẹ pẹ́ sí jù: fáìlì ìjọba àti ìwé ìròyìn àtijọ́ ló wà níbẹ̀. Bí bàbá yín bá jẹ́ ọmọ Ọ̀fà tó ṣiṣẹ́ ìjọba ní Kàdúná láyé ọjọ́un, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.