Kí Ló Dé Tí Orí Àgbọ̀nrín Kò Gbọdọ̀ Kọjá Ààlà Ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin òǹwòran wa. Ọdẹ kan kúrò ní New York, ó wakọ̀ lọ sí Colorado, ó gbàwé àṣẹ, ó sì pa àgbọ̀nrín kan. Títí débẹ̀, kò rú òfin kankan. Àmọ́ bó bá gbé ẹran náà lódindi, torí-tẹsẹ̀, sẹ́yìn ọkọ̀ tó sì kọrí sílé, wàhálà ń dúró dè é. New York kò gba òkú àgbọ̀nrín lódindi láti ìpínlẹ̀ mìíràn, ibi yòówù kó ti wá.

Àrùn kan ló fà á. Chronic Wasting Disease lorúkọ rẹ̀, CWD ni wọ́n ń gé e kúrú sí. Lọ́dún 1967 ni wọ́n kọ́kọ́ kíyè sí i, lára àgbọ̀nrín tí wọ́n ń sìn fún ìwádìí ní Colorado. Lọ́dún 1981, wọ́n rí i lára elk inú igbó, ẹran ńlá kan tó bá àgbọ̀nrín tan. Nígbà tó fi máa di 2002, ó ti sọdá odò Mississippi dé Wisconsin. Lónìí, ìpínlẹ̀ tó ti dé lé ní 30.

Prion ni wọ́n ń pe ohun tó ń fà á. Èròjà protein inú ara ẹran náà fúnra rẹ̀ ló ń yí padà, tó sì ń sọ àwọn yòókù dà bíi tirẹ̀, títí ọpọlọ ẹran á fi lu jákujàku bíi kànrìnkàn. Kò sí oògùn, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Iná ìdáná kò ràn án, nítorí kì í ṣe kòkòrò tó ní ẹ̀mí. Ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí àgbọ̀nrín mìíràn wá kó o níbẹ̀. Èyí tó sì burú jù ni pé ẹran tó ti kó o lè máa sáré kiri fún ohun tó lé lọ́dún kan láìfi àmì kankan hàn. Ọdẹ ò lè fojú mọ̀ ọ́n.

Ọpọlọ, ojú, mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn àti àwọn kókó tó wà lọ́nà ọ̀fun ni prion ń kóra jọ sí jù. Ìdí nìyẹn tí òfin fi dojú kọ orí àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé èyí á dun ẹlòmíì nínú wa, torí orí ẹran kì í ṣe ohun àsọnù nílé Yorùbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tàgbọ̀nrín sílẹ̀.

Kí ló wá lè kọjá? Ẹran tí ẹ ti yọ eegun rẹ̀ kúrò ni kò ní wàhálà jù. Àwọn ìpínlẹ̀ kan gba itan àti apá teegun-teegun, tí ọ̀pá ẹ̀yìn kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ìwo pẹ̀lú pátákó agbárí tí wọ́n ti fọ ọpọlọ kúrò lára rẹ̀ lè kọjá, bẹ́ẹ̀ náà ni awọ tí kò ní orí. Ẹ kun ẹran níbi tẹ́ ẹ ti pa á. Ẹ ha ẹran kúrò lára ọ̀bẹ dáadáa, kẹ́ ẹ wá ri ọ̀bẹ náà fún ìṣẹ́jú 5 sínú bílíìṣì ìdá 2 tẹ́ ẹ fi omi ìdá 3 lú.

Òfin ibi tẹ́ ẹ ń lọ nìkan kọ́ lẹ máa wò. Láti Colorado dé New York, ẹ lè gba Nebraska, Iowa, Illinois, Indiana, Ohio àti Pennsylvania kọjá, kálukú pẹ̀lú òfin tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Lacey Act, òfin àpapọ̀ láti ọdún 1900: ẹran tó lòdì sófin ìpínlẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbé e kọjá ààlà, ọ̀ràn ìjọba àpapọ̀ ló dà. Tí ará kan bá sì ní kẹ́ ẹ ta itan kan fóun, ẹ má tà á. Fẹ́rẹ̀ẹ́ ní gbogbo ìpínlẹ̀, èèwọ̀ ni títa àgbọ̀nrín tí ọdẹ pa nínú igbó.

Kẹ́ ẹ tó dáná, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹran náà wò. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní ibi tí ọdẹ lè gbé orí ẹran sí fún àyẹ̀wò. Kò tíì sí èèyàn tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó kó àrùn yìí, àmọ́ iléeṣẹ́ ìlera CDC ní kéèyàn má jẹ ẹran tí èsì rẹ̀ bá fi CWD hàn. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má jù ú sígbó. Ẹ pe iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ẹran ìgbẹ́ ní ìpínlẹ̀ yín, wọ́n á sọ ibi tẹ́ ẹ máa kó o sí.