Gíga Ìgbì EXAFS: Èwo Ni Ká Dè, Èwo Ni Ká Tú Sílẹ̀?

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá, torí òun ni mo rí tó ń ba iṣẹ́ tó dáa jẹ́ jù: bí a bá ń mú àwòṣe bá dátà EXAFS mu (ìgòkè-sọ̀kalẹ̀ inú bí ohun kan ṣe ń gba X-ray, tó ń sọ bí àwọn átọ́mù rẹ̀ ṣe tò), kí la máa ṣe sí àwọn nọ́ńbà tó ń pinnu bí ìgbì náà ṣe ga tó: èwo la máa dè mọ́ iye kan, èwo la máa tú sílẹ̀ kí dátà fúnra rẹ̀ yàn?

X-ray á lu átọ́mù, á lé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan jáde láti inú lọ́hùn-ún. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yìí á lọ bí ìgbì, á kọlu àwọn átọ́mù aládùúgbò, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì padà wá. Ibi tí ìgbì tó ń lọ ti pàdé èyí tó ń bọ̀ ni ìgòkè-sọ̀kalẹ̀ tí à ń wọ̀n ti ń wá. Ní 1971, Sayers, Stern àti Lytle fi hàn pé ìṣirò Fourier (èyí tó ń tú ìgbì palẹ̀ sí àwọn ìgbì tó para pọ̀ di í) lè fa ìjìnnà àwọn aládùúgbò yọ nínú rẹ̀. Ìjìnnà kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ wá lẹ́nu. Gíga ìgbì ni wàhálà.

Ọwọ́ mẹ́ta ló ń fa gíga yìí. N ni iye aládùúgbò. S0² ń sọ ohun tí ìgbì pàdánù torí pé àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó kù nínú átọ́mù tún ara wọn tò nígbà tí ọ̀kan jáde. Ó sábà máa ń wà láàárín 0.7 sí 1. σ² ní tirẹ̀ ń sọ bí àwọn átọ́mù ṣe ń gbọ̀n àti bí ìjìnnà wọn ṣe yàtọ̀ síra.

Ẹ wo N àti S0² dáadáa. Ìlọ́po wọn nìkan ni dátà mọ̀. Ká ní ohun tó jáde jẹ́ 5.4. Ó lè jẹ́ aládùúgbò 6 pẹ̀lú S0² 0.90; ó sì lè jẹ́ 7 pẹ̀lú 0.77. Ìlà kan náà gẹ́lẹ́ ni méjèèjì máa yà. Bí ẹ bá tú àwọn méjèèjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú Artemis tàbí Larch, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ ń bi dátà ní ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn lọ́wọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é, bó ti wù kí ìlà náà bá dátà mu tó.

Ẹ wọn ohun tí gbogbo ayé ti mọ bí átọ́mù rẹ̀ ṣe tò. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ lórí bàbà, ẹ lo bàbà pẹlẹbẹ tó fẹ́lẹ́: aládùúgbò rẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ 12, ní nǹkan bí 2.55 Å (Å kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mẹ́wàá mítà). Ẹ de N mọ́ 12, kí ẹ tú S0² sílẹ̀. Èyí tó bá jáde ni ẹ máa gbé lọ sórí ohun tí ẹ kò mọ̀. Níbẹ̀, S0² lẹ máa dè, N lẹ máa tú. Àmọ́ etí kan náà (ibi tí gbígba X-ray ti fò sókè lójijì), ọ̀nà ìwọ̀n kan náà àti ìtọ́jú dátà kan náà ni o. Àṣìṣe rẹ̀ náà sì máa bá a lọ: bí S0² bá jẹ́ 0.90 pẹ̀lú àṣìṣe 0.05, èyí nìkan ti fi nǹkan bí 0.3 kún àṣìṣe N tó jẹ́ 6.

Ti σ² yàtọ̀, ó ṣeé yà sọ́tọ̀, torí bí k (nọ́ńbà ìgbì ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà, tó ń ga bí agbára rẹ̀ ṣe ń ga) ṣe ń ga sí i ló ń jẹ ìgbì run sí i. Bí σ² bá jẹ́ 0.008 Å², ní k 3 ìgbì ṣì ku 0.87 nínú gíga rẹ̀. Ní k 12, 0.10 péré ló kù. N máa ń gbé gbogbo rẹ̀ sókè bákan náà. Ìdí rèé tí mo fi ń tẹnu mọ́ dátà tó gùn, àti kí á fi ìwúwo k 1, 2 àti 3 ṣe é pọ̀, ìyẹn ni pé ká fi k, k² àti k³ sọ ìgbì di púpọ̀. Bí dátà bá parí ní k 8, σ² àti N á máa bo ara wọn láṣìírí.

Bí S0² bá wá jáde ní 0.5 ńkọ́? Ẹ má wá àlàyé lọ sínú ẹ̀kọ́ físíìsì. Ẹ padà sídìí ohun tí ẹ wọ̀n. Bí ẹ bá fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ṣi gíga etí wọ̀n, gbogbo ìgbì á ṣì tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀tù yín bá ní ihò tàbí tí kò tẹ́ dọ́gba, ìgbì á kéré. Bó bá jẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí átọ́mù ń tú jáde lẹ ń kà, tí ohun náà sì nípọn, tí bàbà inú rẹ̀ pọ̀, ohun náà á gba ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ padà, ìgbì á sì tún rẹlẹ̀. Inú S0² ni gbogbo èyí ń sá pamọ́ sí.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, akẹ́kọ̀ọ́ kan béèrè bóyá òun lè kàn fi 0.9 síbẹ̀ nígbà tí kò sí ohun àfiwé. Mo ní kó fi síbẹ̀, kó sì kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ rẹ̀ pé òun ló yàn án. Lẹ́yìn náà, kó tún un ṣe pẹ̀lú 0.8 àti 1.0. Ìlọ́po 5.4 yẹn á fún un ní N 6.75 àti 5.4. Bó bá jẹ́ pé 4 àti 6 ló ń jà, 4 ti kúrò níbẹ̀. Bó bá jẹ́ 6 àti 7, dátà yẹn kò tíì dá ẹnikẹ́ni láre.