Ta ló yẹ ká bi? Ìwádìí ọ̀mọ̀wé lórí àìdọ́gba àti ìlera

Ẹ wo àdúgbò méjì yìí. Ọ̀kan ń jẹ́ Calton, èkejì ń jẹ́ Lenzie. Agbègbè Glasgow nílẹ̀ Scotland ni àwọn méjèèjì wà, wọn ò sì jìnnà síra. Lọ́dún 2008, ìgbìmọ̀ kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé kalẹ̀ sọ nínú ìròyìn rẹ̀ pé ọdún 54 ni wọ́n ń retí pé ọmọkùnrin tí wọ́n bí sí Calton máa lò láyé. Ti Lenzie ńkọ́? Ọdún 82. Ọdún 28 ló wà láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ ìjọba kan náà ló ń ṣàkóso wọn, ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń lò.

Tí ẹ bá bi dókítà pé kí ló pa ọkùnrin ará Calton kan, ó lè sọ pé àrùn ọkàn ni, tàbí ọtí, tàbí oògùn olóró. Kò parọ́. Àmọ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan wà tí kì í dúró síbẹ̀: iṣẹ́ ìgbáyégbádùn ará ìlú, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí social work. Àwọn tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé nínú rẹ̀ á tún béèrè sí i. Kí ló dé tó jẹ́ àdúgbò yìí ni ọtí ti ń pa èèyàn tó bẹ́ẹ̀? Iṣẹ́ wo ló kógbá sílé níbẹ̀? Irú ilé wo ni wọ́n ń gbé? Ta ni wọ́n lè ké sí lóru? Bí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ṣe ń lọ ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín, àti ibi tó ti máa ń le jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èrò kan kúrò lọ́nà. Ọ̀pọ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ yìí kò ju ti olówó àti tálákà lọ. Lọ́dún 1967, ìwádìí kan bẹ̀rẹ̀ ní London lórí àwọn ọkùnrin òṣìṣẹ́ ìjọba, nǹkan bí 18,000. Ìwádìí Whitehall ni wọ́n ń pè é. Gbogbo wọn ló níṣẹ́ lọ́wọ́, gbogbo wọn ló ń gbowó. Síbẹ̀, nígbà tí olùwádìí Michael Marmot àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò rẹ̀, àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ìyẹn àwọn òjíṣẹ́ àti aṣọ́nà, ń kú nípa àrùn ọkàn ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta àwọn ọ̀gá àgbà. Ohun tó yani lẹ́nu jù ni àwọn tó wà láàárín. Àwọn náà ò pẹ́ láyé tó àwọn tó wà lókè wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ebi ò pa wọ́n. Àtẹ̀gùn ni ọ̀rọ̀ náà, gẹ́gẹ́ bí èèyàn bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni ewu ń pọ̀ sí i. Wọ́n fi ti sìgá àti ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe ìṣirò, àlàfo náà dín kù díẹ̀, kò pa dé.

Olùwádìí tó bá mọ èyí ò ní sáré lọ máa kọ́ aláìní bó ṣe yẹ kó jẹun. Yóò wo irú àṣẹ tí èèyàn ní lórí iṣẹ́ ara rẹ̀, bóyá iṣẹ́ náà á ṣì wà lóṣù tó ń bọ̀, àti bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ sí i níbẹ̀.

Ìtọ́jú fúnra rẹ̀ náà kì í sábà lọ síbi tí wọ́n ti ń wá a jù. Julian Tudor Hart, dókítà tó ń tọ́jú àwọn ará abúlé awakùsà kan ní Wales, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet lọ́dún 1971 pé ibi tí àwọn èèyàn ti nílò ìtọ́jú gidi jù ni ó ti máa ń ṣọ̀wọ́n jù. Ó pè é ní òfin, ó sì fi kún un pé bí ìtọ́jú bá ṣe di ọjà tó ni òfin náà á ṣe le tó. Tó bá jẹ́ èmi ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí, ohun tí màá ní kí wọ́n kọ́kọ́ kà nìyẹn.

Wàyí o, ìbéèrè. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwádìí ti ń bàjẹ́, kí wọ́n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ rárá. Ẹ gbọ́ èyí: "Kí ló dé tí àwọn ìyá yìí kì í gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lásìkò?" Etí gbà á, àbí? Àmọ́ ó ti dájọ́ kó tó gbọ́ ẹjọ́. Olè ti ń mú olóko. Ẹ wá gbọ́ òmíràn: "Aago mélòó ni ilé ìtọ́jú ń ṣílẹ̀kùn, aago mélòó ni àwọn ìyá yìí ń ṣíwọ́ iṣẹ́, kí ni wọ́n sì máa ń sọ sí ìyá tó bá pẹ́ dé?" Ìyá kan náà ni, abẹ́rẹ́ kan náà ni. Ṣùgbọ́n ilé ìtọ́jú náà ti wọnú ohun tí à ń yẹ̀ wò báyìí, kì í ṣe ìyá nìkan ló wà níwájú adájọ́. Ó lè gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún kan gbáko kó tó rí irú ìbéèrè kejì yìí, kò sì yẹ kó tijú.

Àwọn ìgbésẹ̀ tó kù ò ṣòro tò. Á ka ohun táwọn míì ti kọ, á kọ àbá ìwádìí, àwọn olùkọ́ á yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà ló máa dé iwájú ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ wádìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ráhùn nípa ìgbìmọ̀ yìí, pé fọ́ọ̀mù wọn ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó bí i.

Lọ́dún 1932, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní Tuskegee, ìpínlẹ̀ Alabama, lórí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú 600. Àwọn 399 nínú wọn ló ní àrùn syphilis, tí wọ́n ń kó nípa ìbálòpọ̀. Wọn ò sọ fún wọn. Wọ́n ní "ẹ̀jẹ̀ burúkú" làwọn ń tọ́jú, wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ, wọ́n sì ṣèlérí owó ìsìnkú. Nígbà tó fi máa di 1947, ó ti hàn kedere pé oògùn penicillin ń wo àrùn náà. Wọn ò fún wọn. Títí di 1972 ni wọ́n ń wò wọ́n bí àrùn náà ṣe ń jẹ wọ́n run.

Èèyàn méjì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kíyè sí níbẹ̀. Eunice Rivers jẹ́ nọ́ọ̀sì, aláwọ̀ dúdú bíi tiwọn. Òun ló ń fi mọ́tò gbé wọn lọ fún àyẹ̀wò, tó ń bẹ ìdílé wọn wò, tí ọkàn wọn sì balẹ̀ sí. Títí dòní làwọn onímọ̀ ń jiyàn lórí bí ẹ̀bi rẹ̀ ṣe tó. Ẹnì kejì ni Peter Buxtun, òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn ará ìlú tí iléeṣẹ́ ìlera yẹn gbà síṣẹ́ ní San Francisco. Ó fẹ̀sùn kan ìwádìí náà lọ́dún 1966, wọn ò gbà fún un. Ó tún un sọ, ibì kan náà ló já sí. Ìgbà tó sọ fún àwọn oníròyìn ni ayé tó gbọ́. Lọ́dún 1979 ni ìwé ìlànà Belmont jáde ní Amẹ́ríkà, tó fi ọ̀wọ̀ fún èèyàn, ṣíṣe rere àti àìṣègbè ṣe ìpìlẹ̀ ìwádìí tó bá kan èèyàn. Ẹni tó bá ń ṣe ìwádìí ọ̀mọ̀wé nínú iṣẹ́ yìí, àárín Rivers àti Buxtun ló wà lójoojúmọ́: àwọn èèyàn fọkàn tán an, iléeṣẹ́ ló sì rán an.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló á sá. Nítorí náà, àwọn ará àdúgbò míì ò dúró de ìgbìmọ̀ yunifásítì mọ́. Lọ́dún 2017, àwọn San, ẹ̀yà kan tó ti wà ní Gúúsù Áfíríkà látayébáyé, gbé òfin ìwádìí tiwọn jáde. Wọ́n ní kí olùwádìí bọ̀wọ̀ fún àwọn, kó sòótọ́ lédè tó yé àwọn, kó sì jẹ́ kí ìwádìí náà ṣe àwọn náà láǹfààní.

Ọ̀nà míì tún wà tí mo fẹ́ràn. Láwọn ọdún 1990, olùwádìí méjì, Caroline Wang àti Mary Ann Burris, gbé kámẹ́rà lé àwọn obìnrin abúlé lọ́wọ́ ní Yunnan, nílẹ̀ Ṣáínà, pé kí wọ́n fi ya ìgbésí ayé wọn fúnra wọn, kí wọ́n sì sọ ohun tó wà nínú fọ́tò náà. Photovoice ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí wọn ò kọ́ ní ìwé kíkà lè fi í sọ̀rọ̀ níwájú aláṣẹ. Kì í ṣe pé kò ní wàhálà tiẹ̀ o. Ẹni tó wà nínú fọ́tò, ṣé ó gbà? Bí fọ́tò náà bá fi hàn pé ilé kan ń jò, tí onílé sì rí i, ta ló máa dáàbò bo ẹni tó yà á?

Lẹ́yìn gbogbo èyí, èsì lè dé kó má rẹ́ni gbà á. Lọ́dún 1980, ìjọba Britain gba ìròyìn ìgbìmọ̀ Douglas Black lórí àìdọ́gba nínú ìlera. Ẹ̀dà 260 péré ni wọ́n ṣe, wọ́n sì gbé e jáde lópin ọ̀sẹ̀ ìsinmi oṣù August, nígbà tí kò sẹ́ni nílé. Ìjọba ni wọ́n kọ ọ́ fún, ọwọ́ ìjọba ló sì wà bóyá aráàlú á rí i.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́n máa ń ṣètò èyí ṣáájú. Kó tó bẹ̀rẹ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò rárá, á ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ta ló máa kọ́kọ́ gbọ́ èsì, èdè wo lòun máa fi sọ ọ́, ta ló sì máa láǹfààní láti sọ pé "ibi yìí ò rí bẹ́ẹ̀" kí tísíìsì, ìyẹn ìwé ìwádìí rẹ̀, tó dé ọwọ́ àwọn olùdánwò. Owó ọkọ̀ àti àkókò fún ìpàdé yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú àbá ìwádìí látìbẹ̀rẹ̀, torí bí oyè bá ti bọ́ sọ́wọ́ tán, kò sẹ́ni tó máa san án mọ́.