Káàdì Tí Wọ́n Pa Tì: Bí Dẹ́ẹ̀kì Ṣe Lè Di Tiwa

Okun o, ẹ̀yin ará Kàbbà, àti ẹ̀yin tí ẹ wá láti Ìsánlú, Mọ́pà àti Ẹ̀gbẹ̀. Ọ̀rọ̀ dẹ́ẹ̀kì tí kò jọ ti ẹlòmíràn ni mo gbé wá lónìí.

Fún ẹ̀yin òbí tí ẹ bá ọmọ yín wá: gbogbo wa la mọ Whot. Nínú Whot, inú dẹ́ẹ̀kì kan ṣoṣo ni gbogbo wa ti ń fa káàdì. Nínú Magic: The Gathering, tí Richard Garfield ṣe, tó jáde ní 1993, oníkálukú ló ń to dẹ́ẹ̀kì tirẹ̀ láti ilé wá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún káàdì ló sì wà nílẹ̀ tó lè ṣà. Irú èyí tí mò ń sọ ni Commander: káàdì 100, ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀gágun tó ń ṣe olórí dẹ́ẹ̀kì, a kò sì gbọdọ̀ fi káàdì kan sí i lẹ́ẹ̀mejì àfi àwọn ilẹ̀ ìpìlẹ̀, ìyẹn káàdì tó ń mú mana wá, agbára tí a fi ń gbé àwọn káàdì yòókù kalẹ̀. Ẹ̀mí 40 la fi ń bẹ̀rẹ̀, èèyàn mẹ́rin ló sì sábà máa ń jókòó yí tábìlì ká.

Pẹ̀lú gbogbo àyè yìí, ohun tí mo ń rí ni pé àwọn ọ̀dọ́ ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á rí àkójọ tí ẹlòmíràn ti tò, wọ́n á dà á kọ láìyí ẹyọ kan padà. Sol Ring ń bẹ níbẹ̀, Cyclonic Rift ń bẹ níbẹ̀. Káàdì wọ̀nyí dára, mi ò bá wọn jà. Ohun tó ń dùn mí ni pé kí ọmọ tó lóye jókòó sídìí dẹ́ẹ̀kì tí òun fúnra rẹ̀ kò ronú sí.

Káàdì tí wọ́n pa tì ló lè sọ dẹ́ẹ̀kì di tiwa. Kí ló ń mú kí wọ́n pa wọ́n tì? Ọ̀pọ̀ nínú wọn, eré ẹni méjì, ti ẹ̀mí 20 àti dẹ́ẹ̀kì káàdì 60, ni wọ́n fi dá wọn lẹ́jọ́, ẹjọ́ ọ̀hún kò sì tíì kúrò lórí wọn. Àwọn mìíràn, gbólóhùn kan ṣoṣo tó ń dẹ́rù bani ló wà lára wọn. Ẹ wo Lion's Eye Diamond. Inú Mirage ló ti jáde ní 1996, ọ̀wọ́ káàdì Magic tí wọ́n fi Áfíríkà ṣe àwòkọ́ṣe. Kò gba mana kankan láti gbé e kalẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ tó rí mana mẹ́ta gbà lára rẹ̀, ẹ ó fi òun fúnra rẹ̀ rúbọ, ẹ ó sì da gbogbo káàdì ọwọ́ yín nù. Pàǹtírí ni wọ́n kà á sí. Nígbà tó yá, àwọn kan to dẹ́ẹ̀kì tí dída káàdì nù kò pa lára. Lónìí, ó wà lára àwọn tí owó wọn ga jù.

Ẹ jẹ́ ká mú òmíràn ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Tempting Wurm, ẹ̀dá kan (irú káàdì tó ń bá yín jagun) tó jáde ní 2002: mana méjì péré, agbára 5 láti fi kọlu, ìfaradà 5 láti fi gba ìyà. Ó pọ̀ ju ohun tí mana méjì yẹ kó rà lọ. Ìdí rẹ̀ nìyí: bó bá ti bọ́ sórí tábìlì, alátakò kọ̀ọ̀kan lè kó iye tó bá wù ú nínú ẹ̀dá, ilẹ̀, ohun èlò àti èèdì láti ọwọ́ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń sá nìyẹn. Ẹ wá fi Reins of Power ti 1998 tì í, mana mẹ́rin. Káàdì yìí á jẹ́ kí ẹ̀yin àti alátakò kan pààrọ̀ gbogbo ẹ̀dá yín títí àkókò yín yóò fi parí, èyí tí ẹ bá gbà sì lè jagun lójú ẹsẹ̀. Mana mẹ́fà lápapọ̀: wọ́n tú ọwọ́ wọn sílẹ̀ tán, ẹ kó ti ẹni tó tú jù. Ẹ má fi kọlu onítọ̀hún o, nítorí Wurm yín ti wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, ó lè fi dí yín lọ́nà. Àwọn méjì tó kù ni kí ẹ dojú kọ. Kí ẹ sì rí i pé ìkọlù náà parí ọ̀rọ̀, torí bí àkókò yín bá ti parí, gbogbo ẹ̀dá tí ẹ gbà yóò padà sábẹ́ àṣẹ ẹni tí ẹ gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, ilẹ̀ àti ohun èlò tí wọ́n kó sílẹ̀ yóò sì ṣì wà fún wọn.

Ẹ kíyè sí i pé wọ́n *lè* kó o sílẹ̀ ni, kì í ṣe dandan. Ẹni tó bá mọ àwọn tó ń bá a ta ló lè mọ ẹni tí ojúkòkòrò yóò mú, àti ẹni tí yóò kó o sílẹ̀ kìkì nítorí pé ó ń bẹ̀rù ẹnìkejì. Kò sí àkójọ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó lè bá yín ṣírò èyí.

Ẹlòmíràn lè má wá agbára rárá. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ àgbà ń pa àlọ́ fún lè fi Hakim, Loreweaver ṣe ọ̀gágun, apìtàn ni, inú Mirage náà ló ti jáde. Ìyẹn náà tó ìdí.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan ilẹ̀ yín, bíi 36 sí 38, bí a bá gé wọn nítorí káàdì àrà, dẹ́ẹ̀kì á rọ. Ẹ yọ bíi mẹ́wàá nínú àwọn tó kù, kí ẹ fi káàdì tí wọ́n pa tì rọ́pò wọn. Lórí Scryfall, ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì tí a ti ń wá káàdì Magic, tí kò gba owó, ẹ lè to káàdì bí àwọn oní-Commander ṣe ń lò wọ́n tó, kí ẹ wá máa kà á láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ẹ ó rí níbẹ̀ kò wúlò lóòótọ́. Èyí tí ẹ bá mú gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán káàdì méjì nínú dẹ́ẹ̀kì yín tó ń bá a ṣiṣẹ́. Bí kò bá ní, ẹ dá a padà, bó ti wù kó jẹ́ àjèjì tó.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan béèrè nípa owó. Owó káàdì tí wọ́n pa tì kì í sábà pọ̀, owó tí wọ́n fi ń gbé e wá sílé ló máa ń ga, nítorí náà ẹ da owó pọ̀, kí ẹ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ẹ fi sínú ike káàdì, kí ẹ sì fi bá àwọn ọ̀rẹ́ yín ta á fún ìgbà díẹ̀. Ìdíje gidi nìkan ni wọn kò ti ní gbà á.