Ka Háídrójìn Rẹ̀, Wàá Mọ Ìdílé Rẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra ìdánwò WAEC. Ẹ wo ohun tí mo kọ sójú pátákó: C₃H₈. Propane nìyẹn. Òun àti butane, C₄H₁₀, ló pọ̀ jù nínú sílíńdà gáàsì ilé ìdáná yín.

Kábọ́ọ̀nù (C) àti háídrójìn (H) nìkan ló wà níbẹ̀, hydrocarbon la sì ń pe irú rẹ̀. Bí ẹ bá rí O (ọ́síjìn) tàbí Cl (klórínì) pẹ́nrẹ́n, kì í ṣe hydrocarbon mọ́, ẹ kọjá.

Ọwọ́ mẹ́rin ni kábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ní. Bí wọ́n bá tò lórí ìlà, tí wọ́n fi ọwọ́ kọ̀ọ̀kan péré di ara wọn mú, gbogbo ọwọ́ tó kù ló máa di háídrójìn mú. Alkane nìyẹn. Ó ti yó, kò gba háídrójìn kankan mọ́. Bí ẹ ṣe máa mọ iye tó ń yó o rèé: ẹ ka kábọ́ọ̀nù, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ẹ fi méjì kún un. Mẹ́ta lọ́nà méjì, mẹ́fà. Méjì lé e, mẹ́jọ. C₃H₈ pé géérégé.

C₂H₄ ńkọ́? Mẹ́fà ló yẹ kó ní, mẹ́rin la rí. Méjì dín, torí ọwọ́ méjì-méjì ni àwọn kábọ́ọ̀nù rẹ̀ fi dì mọ́ra. Alkene ni: ethene, tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá píọ̀ wọ́tà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń pọ́n náà ń tú u jáde fúnra rẹ̀.

C₂H₂, mẹ́rin ló dín, torí ọwọ́ mẹ́ta-mẹ́ta ni àwọn kábọ́ọ̀nù rẹ̀ fi dì mọ́ra. Alkyne ni: ethyne, gáàsì tí wẹ́dà ń rí nígbà tó bá da omi lu kábáìdì.

Ibi tí wọ́n ti ń mú yín nìyí: C₆H₁₂. Méjì dín, ẹ ti sáré kọ “alkene”. Ẹ ṣe sùúrù! Kábọ́ọ̀nù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lè ká yípo, kí ti ìbẹ̀rẹ̀ di ti ìparí mú. Cyclohexane nìyẹn, kò sí ọwọ́ méjì-méjì kankan níbẹ̀. Fọ́múlà nìkan ò lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára hexene, ìyẹn alkene tó ní kábọ́ọ̀nù mẹ́fà. Bromine water, ìyẹn omi tí wọ́n po bromine mọ́, ni kẹ́ ẹ mú: pẹ̀lú hexene, àwọ̀ pupa rúsúrúsú rẹ̀ á pòórá kíá, pẹ̀lú cyclohexane, bí oòrùn ò bá ti pa á, á wà bẹ́ẹ̀.

Ẹ dá fídíò dúró, kẹ́ ẹ ya C₄H₆. Butyne wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan.