Bá A Ṣe Gbẹ́ Bọ́ọ̀hóòlù Àlàájà: Ẹ Wo Pákó Mi Dáadáa

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí mò ń pariwo, inú ò bí mi, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn, ló ń ké lẹ́yìn mi. Ìbàdàn la wà, lọ́nà Mọ́níyà, nílé Àlàájà kan. Bọ́ọ̀hóòlù tẹ́ ẹ ti ń dà mí láàmú pé kí n fi hàn yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, òun rèé.

Sọ́fèè, ìyẹn àyẹ̀wò ibi tí omi wà nínú ilẹ̀, la ti ṣe lánàá. Irin mẹ́rin la kàn mọ́lẹ̀, a jẹ́ kí iná bátìrì gba ara méjì wọlé, a fi méjì tó kù wo bí ilẹ̀ ṣe gbà á. Bá a bá ṣe ń sún irin jìnnà síra, bẹ́ẹ̀ la ń rí ìsàlẹ̀ sí i. Àpáta tó dì kì í fẹ́ kí iná kọjá. Ibi tó ti sán tí omi ti wọ̀ ọ́, iná á rọra gba ibẹ̀. Amọ̀ náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi gba ẹni tó mọ̀ ọ́n kà.

Ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ fídíò tó kọjá pé òun ò ní í sanwó sọ́fèè, nítorí omi ń bẹ nílé alámùúlétì òun. Ọ̀gá mi, tó bá jẹ́ Ìkòròdú lẹ wà, tí iyanrìn wà nísàlẹ̀ lọ rẹpẹtẹ, mo lè gbà fún yín díẹ̀. Ìbàdàn ńkọ́? Orí àpáta ni! Inú ibi tí àpáta ti sán lomi wà, ibẹ̀ sì lè gba ilé alámùúlétì kọjá kó má ya ọ̀dọ̀ yín rárá. Mo ti gbẹ́ 220 fíìtì rí, eruku gbígbẹ ló ń jáde títí a fi kó ẹrù wa, omi sì ń bẹ lẹ́yìn ọgbà níbẹ̀, kò ju 40 fíìtì sí wa. Èmi náà ni mo gbà fún onílé pé ká fo sọ́fèè. Tí mo bá rántí díísù tá a jó lọ́jọ́ yẹn, àyà mi ṣì máa ń já.

Ojú ibi tá a yàn rèé. Sókéwè wà lọ́hùn-ún, mo ti wọ̀n ọ́n, 110 fíìtì. Kó má dín ní 100 o, kí kànga sì wà lápá òkè, kí sókéwè wà nísàlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ni Àlàájà fẹ́, wọ́n ní páìpù á kúrú. Mo ní, "Màámi, òótọ́ ni, á kúrú, àmọ́ ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa mu níbẹ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Ó yá. Bíìtì tó fẹ̀, irin tó ń jẹlẹ̀, la fi gba ilẹ̀ rírọ̀, a ti kẹ́síǹ, ìyẹn páìpù tó ń gba ihò dúró, bọ̀ ọ́ kó má baà ya, háńmà ínṣì 6 àtààbọ̀ tó ń lu àpáta fọ́ la fi ń wọ àpáta báyìí. Atẹ́gùn ló ń fẹ́ èérún òkúta jáde. Ẹ rí eruku yẹn? Ìwọ, bo imú ẹ! Àwọn ọmọ yìí á fẹ́ pa mí.

Ẹ fetí sílẹ̀ níbí, nítorí ohun tí mo fi ju ẹlẹgbẹ́ mi lọ nìyí. Ẹ wo pákó yìí. Ní gbogbo 10 fíìtì, mo máa ń bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ohun tó jáde, mo máa tò ó síbí ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé. 10, ilẹ̀ pupa. 20, pupa náà. 30, amọ̀. 50, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ń rún, òkúta tó ti jẹrà ni. Láti 70 lọ, ó kúnná lúbúlúbú bí èlùbọ́. Àpáta tí kò lójú nìyẹn. Wàyí o, ẹ wo 130. Èérún ti tóbi, ara rẹ̀ sì pọ́n bí irin tó dípẹtà. Omi tó ti ń gba ibẹ̀ kọjá ọjọ́ ti pẹ́ ló kùn ún bẹ́ẹ̀. Mo ní kí oníríìgì, ẹni tó ń wa ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ wa, rọra. Kò pẹ́, eruku di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ di omi, gbogbo wa rẹ gbingbin! A tún bá òmíràn ní 165, a dúró sí 190.

Ẹni tí kò to èérún, níbo ló fẹ́ fi kẹ́síǹ oníhò tí omi ń gbà wọlé sí? Àfọ̀tẹ́lẹ̀ ni? Inú máa ń bí mi sí i! Wọ́n á kàn ki oníhò bọ ìsàlẹ̀ pátá, wọ́n á gbowó, wọ́n á lọ. Tiwa, oníhò wà ní 130 àti 165, èyí tí kò nihò wà níbi tó kù.

Òkúta wẹ́wẹ́ yí i ká, sìmẹ́ǹtì dí òkè kí àgbàrá má baà wọlé. Ẹ ti mọ ìyẹn.

Fífọ̀ ló kàn. Atẹ́gùn la fi fọ̀ ọ́, wákàtí mẹ́ta. Oníríìgì ti ń ká páìpù ní wákàtí kìíní, ó ní omi ti mọ́. Mo bu ú sínú ike funfun, mo gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ wo iyanrìn tó sùn sísàlẹ̀ ike! Mo ní kó padà. Tiyín náà, ẹ má jẹ́ kí ríìgì jáde ní géètì láìgbé ike kalẹ̀.

Ọjọ́ kejì rèé, ẹ rí i pé mo ti pààrọ̀ aṣọ. Omi dúró sí 38 fíìtì. A fi pọ́ǹpù fà á fún wákàtí mẹ́rin, ó sọ̀ kalẹ̀ dé 95, kò lọ mọ́. Súmó wa, pọ́ǹpù tó máa ń wà nínú omi, á wà ní 120. Kí ló dé tí kò fi ní í wà nísàlẹ̀ pátápátá? Ẹ wo pákó! Ibi tí omi ti ń wọlé wà ní 130, lábẹ́ súmó. Omi tó ń gòkè bọ̀ á máa fọwọ́ kan mọ́tò rẹ̀, á máa tù ú lára. Ìdí kànga, ẹrẹ̀ ló máa mu. Oṣù kẹta sì nìyí, ẹ̀ẹ̀rùn ti mú gan-an. Tí òjò bá dé, omi á tún gòkè sí i.

Okùn ọ̀rá la fi so ó o, kì í ṣe wáyà iná! Ẹni tó ní súmó òun jó lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kan, bóyá ìgbà tí iná bá ń ṣẹ́jú bí àtùpà lẹ máa ń tan tiyín, tàbí omi tán nídìí rẹ̀ tẹ́ ò mọ̀. Ẹ pa á tí iná bá rẹlẹ̀.

Ẹ gbọ́, ó ti ń ro nínú táǹkì! A ti da kiloríìnì, oògùn apakòkòrò, sínú kànga, òórùn rẹ̀ ṣì ń jáde, a máa fa ìyẹn dànù ká tó gbé omi lọ fún àyẹ̀wò. Fóònù mi ti fẹ́ kú... Àlàájà! Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé kọ́ọ̀bù yẹn sílẹ̀ ná!