Kásẹ́ẹ̀tì Bàbá Sàlá Tó Wà Nílé Wa

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin olùgbọ́ mi. Èmi nìkan ni mo jókòó ti ẹ̀rọ lónìí, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti pẹ́ lọ́kàn mi, ó sì kan ẹni tí gbogbo ilé wa ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, fẹ́ràn, ìyẹn Alàgbà Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá.

Ìmúra wọn ni ọmọdé máa ń kọ́kọ́ rí: táì labalábá tó tóbi ju ọrùn lọ, awò ojú tí kò ní gíláàsì nínú, àti agogo orí tábìlì tí wọ́n sọ di aago ọwọ́. Ìyẹn náà ni èmi kọ́kọ́ rí. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé olórin ni wọ́n kí wọ́n tó di aláwàdà, àti pé nínú ẹgbẹ́ orin háílàìfù wọn, Federal Rhythm Dandies, ni Sunny Adé ti ta gìtá nígbà ọ̀dọ́, kí àwọn náà tó dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fetí sí àwàdà wọn lọ́nà mìíràn. Bí wọ́n bá bi Bàbá Sàlá ní ìbéèrè, wọ́n á kọ́kọ́ dákẹ́, wọ́n á wo ẹni náà láti òkè dé ilẹ̀, ìgbà tí ẹ̀rín bá sì fẹ́ rọlẹ̀ ni èsì á ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Lójú tèmi, ẹni tí kò mọ ìlù kò lè mọ àkókò tó bẹ́ẹ̀.

Ní ayé àwọn àgbà eré ìtàgé bíi Hubert Ògúndé, Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Dúró Ládiípọ̀, iyọ̀ inú ọbẹ̀ ni àwàdà sábà máa ń jẹ́ nínú eré. Bàbá Sàlá ló fi àwàdà se odidi ọbẹ̀, tí wọ́n sì fi bọ́ ẹgbẹ́ Aláwàdà, lórí ìtàgé, lórí tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn, àti nínú rẹ́kọ́ọ̀dù.

Ọdún 1982 ni fíìmù wọn, Ọ̀run Móoru, jáde, Ọlá Balógun sì ni olùdarí rẹ̀. Nínú rẹ̀, gbájú-ẹ̀ kan lu Lámídì, ẹni tí Bàbá Sàlá ṣe, ní jìbìtì títí ayé fi sú u, tó sì wá bá ara rẹ̀ lọ́run kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹni tó ṣe Lámídì náà ni wọ́n jà lólè lójú ayé: àwọn olè ṣe àdàkọ fíìmù náà sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á káàkiri, owó ńlá tí Bàbá Sàlá kó lé e sì di gbèsè tí wọ́n rù fún ìgbà pípẹ́.

Ọ̀kan nínú irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ló dé ilé wa. Ẹnìkan tó ti Èkó bọ̀ ló fún ìyá mi, àwòrán rẹ̀ ń gbọ̀n, ohùn rẹ̀ sì ń wọlé ó ń jáde, síbẹ̀ gbogbo ọjọ́ Sátidé ni a ń wò ó. Òun ló kọ́ èmi àti àwọn àbúrò mi ní Yorùbá tí ilé ìwé kò lè kọ́ wa. N kò lè sọ pé n kò jèrè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè sọ pé a san kọ́bọ̀ fún ẹni tó ni ín.

Bàbá Sàlá kò tìtorí gbèsè náà fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n tún ṣe fíìmù Ààrẹ Àgbáyé, wọ́n sì ṣe Moṣebọ́látán, tí Adé Love darí. Ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa: mo ṣe bí ọlá ti tán. Èmi kì í lè pe orúkọ yẹn kí n má rántí gbèsè wọn.

Ní ọjọ́ keje oṣù kẹwàá ọdún 2018 ni wọ́n jáde láyé ní Iléṣà, lẹ́ni ọdún 82. Ní alẹ́ ọjọ́ tí a gbọ́, ìyá mi lọ mú kásẹ́ẹ̀tì náà jáde láti inú àpótí aṣọ wọn. A kò ní ẹ̀rọ tí a lè fi wò ó mọ́. Wọ́n gbé e lé itan, wọ́n sì sọ pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”